Glutathione Inú Ara Bí Ọjọ́ Orí Ti Ń Gòkè: Wíwọ̀n Rẹ̀ àti Títọ́jú Rẹ̀

(Àkọsílẹ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́)



Àwọn baba wa máa ń sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti yí ọ̀rọ̀ náà padà lóde òní: wọ́n ti sọ ọrọ̀ di oògùn ìlera, wọ́n sì ń pe ènìyàn pé kí ó wá fi owó ra ohun tí Ẹlẹ́dàá ti fi sínú ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni glutathione. Wọ́n ń tà á fún ọ̀dọ́ pé yóò sọ awọ ara rẹ̀ di funfun. Wọ́n ń tà á fún àgbàlagbà pé yóò sọ ọ́ di ọ̀dọ́ padà. Ọjà kan náà ni, ohun tí wọ́n fi ń tàn olúkúlùkù ni ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́, orúnkún ń dùn ún, kì í sì í rí oorun sùn dáadáa. Ẹnì kan sọ fún un pé glutathione inú ara rẹ̀ ni ó ti tán, pé bí ó bá ń fa omi rẹ̀ sí iṣan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ yóò padà dà bí ti ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá ná owó náà. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò sí ẹni tí ó wọn ìfúnpá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: èwo ni òótọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ fún bàbá yìí? Èwo ni irọ́? Kí sì ni ó tọ́ kí ó ṣe?

KÍ NI GLUTATHIONE?

Ara wa jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni oúnjẹ tí a jẹ ti ń pàdé atẹ́gùn ọ́síjìn tí a mí símú, kí a tó lè ní agbára. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó, èéfín kò ní ṣàì sí. Iṣẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì máa ń bí àwọn ohun tí ó lè jẹ ara gẹ́gẹ́ bí ìpẹtà ti ń jẹ irin. Glutathione jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ láti dènà ìpalára yìí. Òun náà ni ẹ̀dọ̀ máa ń so mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ májèlé kí ara tó dà wọ́n nù.

Kì í ṣe ohun tuntun. Joseph de Rey-Pailhade, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ rí i nínú ìwúkàrà ní 1888. Ní 1921, Frederick Gowland Hopkins ti Yunifásítì Cambridge fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní.

Ohun mẹ́ta ni ara ń so pọ̀ láti fi ṣe é: glutamate, cysteine àti glycine. Inú purotéènì tí a ń jẹ ni a ti ń rí wọn. Cysteine, tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí cysteine bá ti pọ̀ sí nínú ara ni ó sábà máa ń sọ bí glutathione yóò ti pọ̀ sí.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ipò méjì ni glutathione máa ń wà. Èkínní ni èyí tí ó wà ní ìmúra fún iṣẹ́. Èkejì ni èyí tí ó ti ṣiṣẹ́ tí agbára rẹ̀ sì ti tán. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí ó wà ní ìmúra. Ara kì í da èyí tí agbára rẹ̀ tán nù; ó máa ń tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣáàjì bátìrì kí a lè tún un lò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ glutathione dà bí ọ̀rọ̀ àpò owó: iye tí ó ń wọlé, iye tí ó ń jáde, àti bí a ti ń tún èyí tí ó wà nílẹ̀ lò. Ẹni tí ó bá ń wo iye tí ó ń wọlé nìkan kò tíì ṣe ìṣirò.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI PÉ Ó Ń DÍN KÙ PẸ̀LÚ ỌJỌ́ ORÍ?

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Baylor College of Medicine ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, fi àgbàlagbà mẹ́jọ wé ọ̀dọ́ mẹ́jọ. Wọ́n rí i pé glutathione inú sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn àgbàlagbà náà kéré, pé ara wọn kò ṣe é kánkán mọ́, àti pé cysteine àti glycine tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe é kò tó. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ohun méjèèjì yìí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ara wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é dáadáa. Èyí ni pé ilé iṣẹ́ náà kò wó; ohun èlò ni kò tó.

Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́jọ kì í ṣe gbogbo ayé. Ní 2022, a tẹ èsì ìwádìí mìíràn jáde lórí àgbàlagbà 114 tí ara wọn le. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi lo irú ohun kan náà. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ tí ó hàn láàárín wọn àti àwọn tí ó lo oògùn aláìníṣẹ́ tí a fi ṣe ìfiwéra. Àwọn tí glutathione wọn ti kéré tẹ́lẹ̀, tí ìpalára ọ́síjìn sì ti pọ̀ lára wọn, ni ó dà bí ẹni pé wọ́n jàǹfààní. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣòro: kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ni ó ṣe aláìní, ẹni tí kò sì ṣe aláìní kò ní ohun tí yóò rí gbà nínú àfikún.

ṢÉ A LÈ WỌ̀N ỌN?

A lè wọ̀n ọn, ṣùgbọ́n kò rọrùn bí àwọn olùtajà ti ń sọ ọ́. Láti 1959 tí George Ellman ti ṣe àlàyé èròjà kan tí ó máa ń di àwọ̀ òféefèé bí ó bá kan irú ohun bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ní ọ̀nà láti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìṣòro mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀.

Èkínní, glutathione kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán tí a kò sì tètè fi èròjà dá a dúró, èyí tí ó wà ní ìmúra yóò máa yí padà di èyí tí agbára rẹ̀ tán. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé sórí ọ̀kadà nínú oòrùn láti àdúgbò kan dé èkejì kò lè sọ òótọ́.

Èkejì, ibi tí a ti wọ̀n ọn ṣe pàtàkì. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wà. Ìwọ̀nba kékeré ni ó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye inú ẹ̀jẹ̀ kò sì lè sọ fún wa tààrà ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ tàbí nínú ọpọlọ.

Ẹ̀kẹta, kò tíì sí iye kan tí gbogbo onímọ̀ ìṣègùn fẹnu kò sí pé bí ó bá ti wá sísàlẹ̀ rẹ̀, kí a fún ẹni tí ara rẹ̀ le ní oògùn. Nítorí èyí ni àyẹ̀wò náà fi wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí ju àwọn dókítà lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ìwé àyẹ̀wò glutathione han àgbàlagbà kan kí ó lè ta oògùn fún un, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó bi í: Báwo ni ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà kí ó tó dé ilé àyẹ̀wò? Iye wo ni ẹ fi wé, ta ni ó sì fi í lélẹ̀? Àìsàn wo ni ẹ fẹ́ fi wò? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó pa àpò rẹ̀ dé.

BÍ A ṢE Ń MÚ UN WỌLÉ

Oúnjẹ ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Ẹyin, ẹja, adìẹ, ẹran àti wàrà ní cysteine dáadáa. Ẹ̀wà ní purotéènì púpọ̀, ṣùgbọ́n irú èyí tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Àgbàdo ní tirẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí ẹ̀wà ní púpọ̀, ó sì ní díẹ̀ lára ohun tí ẹ̀wà kò ní tó. Àwọn ìyá wa kò lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó máa se àdàlú, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Ohun tí wọ́n so pọ̀ nínú ìkòkò ni ìmọ̀ òde òní wá jẹ́rìí sí. Bí a bá fi ẹyin tàbí ẹja sínú mọ́ínmọ́ín náà, ó tún dára sí i.

Àwọn kan máa ń fi pọ̀nmọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní nǹkan kan nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tí a fi mọ awọ ẹran kún fún glycine, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n cysteine inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà kò lè gba ipò ẹja tàbí ẹyin nínú abọ́ àgbàlagbà. Kí a sì yẹra fún èyí tí wọ́n fi táyà ọkọ̀ sun.

Ẹ̀fọ́, àlùbọ́sà, aáyù, ọsàn àti gúáfà náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nítorí ara nílò àwọn fítámìnì láti dáàbò bo glutathione àti láti tún un ṣáàjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan gbogbo ilé. Nígbà tí eyín àgbàlagbà bá ti ń ká, tí owó sì ti dín kù, ògì àti gààrì ni ó sábà máa ń ṣẹ́kù fún un. A sì ń fi ẹja fún àwọn ọmọ. Ní 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí à ń pè ní PROT-AGE dábàá pé kí ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65 máa jẹ purotéènì gíráàmù 1.0 sí 1.2 lójúmọ́ fún ìwọ̀n kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Ẹni tí ó wọn kílò 60 nílò nǹkan bí gíráàmù 60 sí 72. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ gbọ́ ti dókítà kí ó tó fi kún tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kí glutathione òbí rẹ̀ pọ̀, kí ó kọ́kọ́ wo inú abọ́ òbí rẹ̀.

Àwọn hóró glutathione tí a ń gbé mì ńkọ́? Èsì ìwádìí kò dọ́gba. Ní 2011, ènìyàn 40 kópa nínú ìwádìí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan. Hóró náà kò yí iye inú ẹ̀jẹ̀ padà. Ní 2015, àwọn 54 kópa nínú èyí tí ó gba oṣù mẹ́fà. Ti àwọn tí ó lò ó lọ sókè. Ṣùgbọ́n kí iye lọ sókè lórí ìwé yàtọ̀ sí kí àìsàn dín kù nínú ara. Ìyẹn ni a kò tíì fi hàn.

BÍ A ṢE Ń NÁ AN DÀNÙ

Sìgá ń ná an. Ọtí, tí a ti kọ̀ fún Mùsùlùmí, ń ná èyí tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú ń ná an lọ́sàn-án àti lóru. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni parasitamọ́ọ̀lù, nítorí kò sí ilé tí kò sí.

Oògùn tí ó dára ni bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó bá dé ẹ̀dọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di májèlé. Glutathione ni ó máa ń so mọ́ májèlé náà kí ó má bàa ṣe ibi. Bí oògùn bá pọ̀ jù, glutathione inú ẹ̀dọ̀ yóò tán, májèlé náà yóò sì kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Hóró gíráàmù ìdajì (500 mg) mẹ́jọ ni òpin fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le láàárín wákàtí 24. Ẹni tí ó rù tàbí tí kò jẹun dáadáa kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn lè lo hóró méjì láàárọ̀, kí ó tún lo oògùn ọ̀fìnkìn lọ́sàn-án, kí ó tún gbé oògùn ara ríro mì lálẹ́, láìmọ̀ pé parasitamọ́ọ̀lù wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹ máa ka ara páálí oògùn fún àwọn òbí yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá lo púpọ̀ jù, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ara rẹ̀ ṣì le. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Oògùn tí wọ́n ń fún un níbẹ̀ ni acetylcysteine, tí ń fún ẹ̀dọ̀ ní cysteine kí ó lè tún glutathione ṣe. Bí a bá fún un kí wákàtí mẹ́jọ tó pé, ó máa ń gba ẹ̀dọ̀ là. Níbí ni iṣẹ́ glutathione ti hàn gbangba.

ÀWỌN TÍ ẸJỌ́ WỌN YÀTỌ̀ NÍLẸ̀ WA

A ti sọ pé ara máa ń tún glutathione tí agbára rẹ̀ tán ṣáàjì. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ G6PD ni agbára ìṣáàjì yìí wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ni a bí tí ẹ́ńsáìmù yìí kò tó lára wọn. Láàárín àwọn ọkùnrin, ó tó nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún. Ìdí rẹ̀ kò ṣàì ní àǹfààní: ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí G6PD rẹ̀ kò tó.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé ayé rẹ̀ láìsí ìṣòro títí di ọjọ́ tí ohun kan yóò fi ná glutathione inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán lójijì. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ yóò máa fọ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú. Lára ohun tí ó lè fa èyí ni primaquine, tí a fi ń wo ibà, dapsone, àti káńfọ̀, hóró funfun olóòórùn tí a ń kó sáàárín aṣọ. Aṣọ tí a kó káńfọ̀ sí kò yẹ fún ọmọ tuntun, nítorí ó lè fa ibà pọ́njú tí yóò ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: fítámìnì C púpọ̀ tí a fà sí iṣan náà wà lára ohun tí ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé fítámìnì C yìí gan-an ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ glutathione nínú omi ìbóra àti omi ìsọdọ̀tun tí wọ́n ń tà. Ẹni tí ó lọ ra ìdáàbòbò ẹ̀jẹ̀ lè bá ìfọ́ ẹ̀jẹ̀ padà sílé.

ABẸ́RẸ́ ÌBÓRA

Ní 2011, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ gan-an, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa abẹ́rẹ́ glutathione fún ìbóra. Wọ́n ní ohun tí àwọn fọwọ́ sí i fún ni ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ, kì í ṣe fún awọ funfun. Wọ́n mẹ́nu ba ewu rẹ̀ fún awọ ara, fún kíndìnrín àti fún ẹ̀ṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní tírọ́ìdì. Kí a má gbàgbé ewu abẹ́rẹ́ tí kò mọ́, tí ó lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí éèdì wọ ara.

Àwọ̀ dúdú kì í ṣe àìsàn. Òun ni agbòòrùn tí a dá mọ́ àwọn tí ń gbé lábẹ́ oòrùn líle. Ọ̀dọ́ tí ó bá bó o nù ti sọ ààbò rẹ̀ nù.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Òótọ́ ni pé glutathione lè dín kù lára rẹ̀. Irọ́ ni pé a lè fi omi inú ìgò sọ ọ́ di ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí ó tọ́ kí ó ṣe kò wọ́n. Kí ó lọ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí ìwọ̀nyí ní iye tí a fẹnu kò sí, wọ́n sì ní ìtọ́jú tí a mọ̀. Kí ó ṣe àyẹ̀wò G6PD lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tọ́jú ìwé rẹ̀, kí ó sì máa fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún un ní oògùn. Kí ó jẹ ẹyin, ẹja, àdàlú àti ẹ̀fọ́. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́. Kí ó yẹra fún èéfín. Kí ó máa ka iye hóró tí ó ń gbé mì. Kí ó fi owó tí ó kù tọ́jú ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ogún ọdún ń bọ̀ wá kòla. Ohun tí ẹ bá ń fi sínú ara yín lónìí ni ara yín yóò máa ná nígbà tí ewú bá dé. Àmáánà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa. A óò sì dáhùn bí a ti tọ́jú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi owó wa ra àìsàn. Àmín.